Wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì wọn sì dára sí i

Ẹ̀yin tèmi, ṣé ẹ mọ̀ pé Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti dán an wò bóyá ọmọ tó fi Yorùbá kàwé máa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Ìwádìí gidi ni o, ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà. Ẹ fara balẹ̀ kà á. 🧵

1/ Bí ilé-ìwé ṣe ń lọ nígbà yẹn nìyí: Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹta. Tó bá ti wọ ìkẹrin, ó di Gẹ̀ẹ́sì! Ọmọ tí kò tíì gbọ́ èdè náà ni wọ́n wá ń fi ṣàlàyé ìṣirò fún.

2/ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ (OAU òde òní) wá béèrè pé: tí a bá fi Yorùbá kọ́ wọn dé kíláàsì kẹfà ńkọ́? Oṣù kìíní ọdún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ní St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́. Ford Foundation ló fowó ràn wọ́n lọ́wọ́.

3/ Àwọn ọmọ kan ń fi Yorùbá kọ́ gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà. Àwọn kejì ń bá ètò àtijọ́ lọ. Ìwé wá ńkọ́? Àwọn olùwádìí fúnra wọn ló jókòó kọ ọ́: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, gbogbo ẹ̀ ní Yorùbá.

4/ Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà dé rèé: wọn ò lé Gẹ̀ẹ́sì jáde. Gẹ̀ẹ́sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní kíláàsì, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ni wọ́n sì fà á lé lọ́wọ́.

5/ Àbájáde ńkọ́? Àwọn ọmọ Yorùbá ọdún mẹ́fà ló ṣe dáadáa jù. Nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an pàápàá! Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ.

6/ Nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tèmi, tẹ́ ẹ bá sọ Yorùbá, ẹ máa sanwó ìtanràn. Ẹ̀rù ló jẹ́ ká máa dákẹ́. Ta ló ń ti inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kọ́ èdè?

7/ Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e: Gẹ̀ẹ́sì ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ó ní àwọn tí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ń fìdí rẹmi nínú WAEC àti JAMB.

8/ Ìbéèrè tèmi ni pé: ṣé wọ́n kọ ìwé fún àwọn ọmọ yẹn bíi ti Ifẹ̀? Ṣé wọ́n fún wọn ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó mọṣẹ́? Tí kò bá sí méjèèjì, kí la wá ń di ẹ̀bi ru Yorùbá fún?

9/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tọ́mọ, ẹ máa bá wọn sọ Yorùbá nílé. Kò ní dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà. Modákẹ́kẹ́ ti fi hàn wá.