Wákàtí Mélòó Ni Orin Kan Ń Gbà? Ọjọ́ Kan ní Abbey Road

Ẹni tó bá ti gbé orin lọ sí sítúdíò rí mọ ọ̀rọ̀ tó máa ń dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàárín olórin àti ẹnjiníà: "Ẹ ti gba ohùn mi tán, kí ló wá kù tí ẹ fi ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?" Míísìn ló kù. Ìyẹn ni kí wọ́n fi ohùn olórin, gìtá, béèsì àti ìlù sí ipò tó yẹ kí kálukú wà, kí ọ̀kan má bo èkejì mọ́lẹ̀, kí orin náà sì dùn létí ẹni tó wà nínú mọ́tò bó ṣe dùn létí ẹni tó ń fi fóònù gbọ́ ọ. Ẹlòmíràn á fi wákàtí mẹ́ta ṣe é, ẹlòmíràn á fi ọ̀sẹ̀ kan. Bruce Swedien tó ṣe míísìn "Billie Jean" fún Michael Jackson sọ pé ẹ̀ẹ̀mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ìyẹn ìgbà 91, ni àwọn ṣe é, kí wọ́n tó padà mú èyí tí wọ́n ṣe ṣìkejì.

Ní tèmi, ìgbà tí ẹnjiníà bá jókòó sídìí míísà kọ́ ló yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí. Ibi tí wọ́n bá gbé máìkì sí ni míísìn ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan wà tó fi èyí hàn ju gbogbo ọjọ́ tí mo mọ̀ lọ: ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1963, ní sítúdíò EMI tó wà ní Abbey Road, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn mẹ́rin tí à ń pè ní Beatles wọlé láàárọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti kọ gbogbo orin tó kù kí àwo ńlá wọn àkọ́kọ́ tó pé.

Kí aago mẹ́wàá tó lù

Òtútù ọdún yẹn kì í ṣe kékeré. Ó wà lára èyí tó mú jù tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ní ọgọ́rùn-ún ọdún náà. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kejì ni àwọn ọmọ Liverpool yìí ti ń bá Helen Shapiro kiri láti ìlú dé ìlú. Helen ni gbajúmọ̀ tí èrò ń torí rẹ̀ wá, àwọn Beatles kàn ń ṣeré ṣáájú rẹ̀ ni. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 22, George Harrison tó kéré jù sì jẹ́ ọmọ ọdún 19. Òtútù ti mú John Lennon, ọ̀fun ń dùn ún. Ọ̀fun yìí ni ẹ jẹ́ ká máa fọkàn bá lọ, òun ló máa pinnu bí wọ́n ṣe máa to iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ni àwo kékeré wọn, "Please Please Me", jáde, ó sì ti ń gòkè lọ́jà. George Martin, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Parlophone, fẹ́ gbé àwo ńlá jáde kí ọjà tó tutù. Orin 14 ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Mẹ́rin ti wà nílẹ̀ láti ara àwo kékeré méjì, ó ku mẹ́wàá. Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kò ju nǹkan bí £400 lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ya bàrá díẹ̀. Parlophone yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun ló gbé orin jùjú Túndé King jáde ní 1936. Nígbà náà kò tíì sí téèpù nínú iṣẹ́ orin. Bí wọ́n bá ti ń kọ ọ́ ni abẹ́rẹ́ ń gé e sínú ìda. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ga jù, kí ó sún sẹ́yìn. Ẹni tí a kò bá gbọ́, kí ó sún mọ́ máìkì. Kò sí míísìn kankan lẹ́yìn náà. Gbogbo rẹ̀ ti parí kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Ní 1963 téèpù ti dé, àmọ́ tíráàkì méjì péré ló ní. Norman Smith, ẹnjiníà ọjọ́ náà, da gìtá, béèsì àti ìlù pọ̀ sórí tíráàkì kan, ó fi ohùn àwọn akọrin sórí èkejì. Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí béèsì bá kéré jù lọ́jọ́ náà, kékeré ló máa wà títí ayé, nítorí kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni máa gbà yọ ọ́ kúrò lára gìtá tó ti lẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè fi sílẹ̀ dìgbà míísìn ni bí ohùn ṣe máa ga tó ju ohun èlò lọ. Gbogbo yòókù, ìsinsìnyí ni. Smith kò sì fi gọ̀bì ńláńlá, ìyẹn pátákó tó ń dí ìró, pín wọn níyà bí ó ti wọ́pọ̀ nígbà náà. Ó tò wọ́n bí ẹni pé orí ìtàgé ni wọ́n wà, ó jẹ́ kí ìlù máa yọ́ wọ inú máìkì akọrin. Àwọn kan á pe èyí ní àṣìṣe. Èmi pè é ní ìgboyà, nítorí ìró tí àwọn èèyàn fi mọ̀ wọ́n ní Liverpool ló ń wá.

Aago mẹ́wàá àárọ̀

Wákàtí mẹ́ta mẹ́ta ni ẹgbẹ́ àwọn olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pín iṣẹ́ sítúdíò sí, olórin kọ̀ọ̀kan sì ń gba £7 àti ṣílè mẹ́wàá fún ìpín kan. "There's a Place" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni wọ́n gbà á. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orin kan tí wọ́n ṣì ń pè ní "Seventeen", èyí tí gbogbo ayé padà mọ̀ sí "I Saw Her Standing There". Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n gba ìyẹn, gbígbà kìíní ló sì dára jù. Àmọ́ nígbà kẹsàn-án, bí Paul McCartney ṣe ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin kí orin tó bẹ̀rẹ̀ gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí náà wọ́n gé kíkà yẹn, wọ́n fi abẹ́ àti gọ́ọ̀mù so ó mọ́ orí gbígbà kìíní. Ẹni tó bá ń gbọ́ àwo náà lónìí, ìgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń gbọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò sì mọ̀.

Aago kan ọ̀sán

George Martin, Smith àti Richard Langham tó ń tọ́jú téèpù jáde lọ jẹun ní ilé ọtí tó wà nítòsí. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àwọn ò lọ. Mílíìkì ni wọ́n ń mu, wọ́n ń fi àkókò náà dánra wò. Nígbà tí àwọn ẹnjiníà padà dé, wọ́n bá wọn nídìí orin, ẹnu sì yà wọ́n, nítorí olórin kì í fi oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀ nítorí ìdánrawò nínú ilé yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ ka wákàtí yìí mọ́ wákàtí míísìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé téèpù kò yí.

Aago méjì ààbọ̀

"A Taste of Honey" ló ṣáájú, Paul sì fẹ́ fi ohùn rẹ̀ kejì lé ti àkọ́kọ́. Lónìí, ọmọdé tó ní kọ̀ǹpútà á ṣí tíráàkì tuntun, ó parí. Nígbà náà, wọ́n á máa yí téèpù àkọ́kọ́, Paul á máa kọrin tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ kejì á sì máa gba méjèèjì pọ̀ sórí téèpù tuntun. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ariwo ṣíì-ṣíì abẹ́ téèpù á pọ̀ sí i, wọn ò sì lè tún ìwọ̀n ohùn méjèèjì pín mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan kún orin gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú pé orin náà nílò rẹ̀.

George Harrison kọ "Do You Want to Know a Secret" ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Wọ́n padà sí iṣẹ́ àárọ̀, wọ́n fi hamóníkà John kún "There's a Place", wọ́n fi àtẹ́wọ́ kún "Seventeen". Lẹ́yìn náà ni "Misery".

Lórí "Misery" ni mo ti gba George Martin lọ́gàá. Téèpù wọn a máa sáré ní ínǹṣì 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún orin yìí nìkan, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ó sáré ní ínǹṣì 30. Kí ló dé? Ó ti ń gbọ́ píánò kan lọ́kàn, píánò tí òun fúnra rẹ̀ máa tẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn tí àwọn ọmọ náà kò ní sí níbẹ̀. Bí téèpù bá rọra yí ní ìdajì ìyára nígbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì padà jẹ́ kí ó sáré bó ṣe yẹ, píánò náà á gòkè, á máa dún wínrinwínrin. Ọjọ́ 20 oṣù kan náà ló tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè ìgbà tí míísìn "Misery" bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ yìí ni.

Aago méje ààbọ̀ alẹ́

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ yìí yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lọ sí sítúdíò mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi "Hold Me Tight" bẹ̀rẹ̀, orin tí àwọn fúnra wọn kọ, tí kò tíì gún régé. Ẹ̀ẹ̀mẹtàlá ni wọ́n gbà á, kò sì wọ inú àwo náà rárá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sórí orin àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ti ń ṣe lórí ìtàgé tipẹ́. "Anna" gbà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. "Boys", ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, Ringo Starr ń lùlù, ó ń kọrin lẹ́ẹ̀kan náà. "Chains", ẹ̀ẹ̀mẹrin. "Baby It's You", ẹ̀ẹ̀mẹta. Orin mẹ́rin, ìgbà mọ́kànlá. Orin tí kò tíì délé jẹ ìgbà ju gbogbo wọn lọ, ó sì lọ lófo.

Bí ẹ bá gbọ́ "Boys", ẹ máa mọ ìdí rẹ̀. Gìtá mọ ìgbà tó yẹ kí òun dákẹ́ fún ohùn, àwọn tó ń gbè é mọ ìwọ̀n tí wọ́n máa pariwo dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni omele ṣe mọ ibi tí ìyáàlù ti ń sọ̀rọ̀. Norman Smith kò ní ohun púpọ̀ láti tún ṣe, nítorí àwọn olórin fúnra wọn ti ṣe míísìn rẹ̀ láàárín ara wọn lálẹ́ tí a kò lè kà, nínú àwọn ilé ijó Liverpool àti Hamburg.

Aago mẹ́wàá alẹ́

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ mu kọfí ní kantíìnì. Ó ku orin kan. Àkókò iṣẹ́ ti fẹ́ kọjá, ohùn John sì ti há. Látàárọ̀ ni wọ́n ti fi ìgò súìtì ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní Zubes sórí píánò, àmọ́ páálí sìgá náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹnu kò sórí "Twist and Shout". Orin tó ń ya ọ̀fun ni, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi gbé e sí ìparí: bí wọ́n bá fi ṣe tàárọ̀, kò ní sí ohùn fún ìyókù.

John fi mílíìkì pa ọ̀fun. Smith ti to gbogbo máìkì kalẹ̀, ó mọ̀ pé àyè kan ṣoṣo ni òun ní. Wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀kan, ó jáde bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ lórí àwo títí dòní. George Martin ní kí wọ́n tún gbìyànjú ìkejì. Wọ́n gbìyànjú, kò sí ohùn mọ́. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iṣẹ́ parí. Wọn ò tíì fẹ́ lọ sílé. Wọ́n gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá àwọn ẹnjiníà, wọ́n ní kí wọ́n yí téèpù náà kí àwọn gbọ́.

Ọjọ́ 25 oṣù Kejì

Ọjọ́ míísìn gan-an nìyí, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ náà ni George Harrison pé ọmọ ogún ọdún, àmọ́ òun àtàwọn yòókù kò sí ní sítúdíò. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni George Martin àti Smith fi ṣe gbogbo rẹ̀, ti mónò, tí gbogbo ìró ń gba ojú kan jáde, àti ti sìtẹ́rìò, tó pín ìró sí ọ̀tún àti òsì. Mónò ni èyí tó ká wọn lára, nítorí òun ni gírámáfóònù ọ̀pọ̀ èèyàn lè lò. Wọ́n gbé ohùn sókè, wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi gbohùngbohùn díẹ̀ kún un, wọ́n gé ibi tó yẹ kí wọ́n gé. Ti orin méjì inú àwo kékeré wọn àkọ́kọ́, "Love Me Do" àti "P.S. I Love You", ló ṣòro: wọ́n ti pa téèpù àkọ́kọ́ wọn rẹ́, nítorí náà wọ́n fi ọgbọ́n yí mónò padà kí ó lè dà bíi sìtẹ́rìò.

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ni àwo náà jáde. Nínú oṣù Karùn-ún ó dé ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 30.

Ilé Abbey Road yìí náà ni Fẹlá kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní 1971 láti gba "Fela's London Scene". Nígbà náà tíráàkì ti pọ̀ sí i. Lónìí, ẹnjiníà ní Ìkejà lè gba orin kan tó ní tíráàkì 80 lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ohùn akọrin nìkan lè jẹ́ ogún, kò sì sí ẹni tó tíì pinnu èyí tó máa ṣáájú nínú wọn. Òun ni wọ́n fi gbogbo ìpinnu yẹn sílẹ̀ fún, wọ́n sì ń bi í ní alẹ́ ọjọ́ kejì pé kí ló ń pẹ́. Inú máa ń bí mi sí ìbéèrè yẹn. Kí olórin tó bi í, kí ó kọ́kọ́ sọ fún un èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ogún ohùn náà, kí ó sì ní kí ó pa ìyókù rẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohun tí mo ń sọ, ẹ wá àwo ńlá náà, tí wọ́n tún pè ní "Please Please Me", ti sìtẹ́rìò àtijọ́, kí ẹ fi íápíìsì gbọ́ "Twist and Shout". Ẹ yọ ti etí òsì. Tíráàkì ohùn ló kù lápá ọ̀tún yẹn: ọ̀fun John tó ti ya, àwọn méjì tó ń gbè é, àti ìlù Ringo tó ń yọ́ wọlé láti òdìkejì yàrá.