Samuel Johnson Mẹ́ta: Orúkọ Kan, Iṣẹ́ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

 

Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí ilé púpọ̀ bá rí ohun kan náà, orúkọ kan náà ni wọn yóò sọ ọmọ wọn. Ẹni tó bí ìbejì ní Kétu yóò pe èyí tó kọ́kọ́ jáde ní Táíwò. Ẹni tó bí ìbejì ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ yóò ṣe bákan náà. Ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé, Àjàyí ni. Nítorí náà, ó ṣòro kí a dé abúlé kan kí a má rí Táíwò mẹ́ta àti Àjàyí márùn-ún.

Báwo ni a ṣe ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà agbo ilé kan tí ẹ ń bèèrè Àjàyí, wọn yóò bi yín pé: "Àjàyí wo? Ṣé Àjàyí alágbẹ̀dẹ ni, tàbí Àjàyí ọmọ ìyá alákàrà?" Bí ìyá àgbà kan bá wà níbẹ̀, ó lè ki oríkì ẹni náà, kí ó kì í dé orí bàbá àti bàbá bàbá rẹ̀. Orúkọ lè pa pọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ki oríkì débẹ̀, a ó mọ ẹni tí à ń wí.

Ìwé kò lẹ́nu tí yóò fi ki oríkì. Ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí nìyẹn. A ó fi ìtàn ọkùnrin mẹ́ta ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́ Samuel Johnson. Òyìnbó ni méjì nínú wọn. Ẹnì kẹta, ọmọ Yorùbá bí tiwa ni.

Bí ẹnì kan bá kà níbì kan pé Samuel Johnson kú ní ọdún 1784, tí ó tún kà níbòmíràn pé Samuel Johnson parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897, yóò ní irọ́ ni ìwé ń pa. Òkú kì í kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ìwé kò purọ́. Ẹni méjì ni wọ́n.

Samuel Johnson ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

A bí eléyìí ní ọdún 1709 ní ìlú Lichfield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ni bàbá rẹ̀ ń tà, ṣùgbọ́n owó kò sí nílé. Àìsàn kan mú un ní kékeré, ó sì ba ojú rẹ̀ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ríran dáadáa mọ́. Nígbà tó dàgbà, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú Oxford. Kò lò ju ọdún kan àti díẹ̀ lọ níbẹ̀ tí owó fi tán. Ó padà sílé láìgba ìwé ẹ̀rí.

Ní ọdún 1746, àwọn tó ń ta ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ pé kí ó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì fún wọn. Ìwé atúmọ̀ èdè ni ìwé tó ń to ọ̀rọ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń sọ ìtumọ̀ wọn. Ó rò pé ọdún mẹ́ta ni iṣẹ́ náà yóò gbà. Ó gbà tó ọdún mẹ́sàn-án. Bó ṣe ṣe é nìyí: ó ń ka ìwé àwọn ẹlòmíràn, ó ń fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́, àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ mẹ́fà sì ń dà wọ́n kọ sórí bébà. Ìwé náà jáde ní ọdún 1755. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ lé ní 42,000. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni àwọn ènìyàn gbára lé fún nǹkan bí 100 ọdún.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ ohun kan nípa rẹ̀. Ó kórìíra òwò ẹrú. Ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tó ń jẹ́ Francis Barber. Inú oko ẹrú ní erékùṣù Jàmáíkà ni wọ́n bí i sí. Ó dé ilé Johnson ní ọdún 1752, ó ń bá a ṣiṣẹ́ ilé. Johnson fi í sí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí Johnson kú ní ọdún 1784, Francis Barber yìí ló fi èyí tó pọ̀ jù nínú ogún rẹ̀ sílẹ̀ fún.

Samuel Johnson ti Amẹ́ríkà

Èkejì dàgbà ju ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. A bí i ní ọdún 1696 ní Guilford, ní apá Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Connecticut. Lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni ilẹ̀ náà wà nígbà yẹn. Òun àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ wà láyé fún ọdún tó lé ní 60, òkun sì wà láàárín wọn.

Àlùfáà ni ọkùnrin yìí, olùkọ́ sì ni. Ní ọdún 1754, ó di ọ̀gá àkọ́kọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ gíga tuntun kan ní ìlú New York. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kékeré yẹn ló wá di Columbia, tí ó wà lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà lónìí. Samuel Johnson yìí kú ní ọdún 1772.

Ẹ tún fetí sí èyí. Ó bí ọmọ kan tó ń jẹ́ William Samuel Johnson. Ọmọ náà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1787. Ọdún yẹn náà ni òun pẹ̀lú di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá rẹ̀ ti ṣe olórí rẹ̀. Bí akọ̀wé kan bá gbàgbé láti kọ "William", ó ti fi iṣẹ́ ọmọ fún bàbá nìyẹn.

Samuel Johnson ọmọ Yorùbá

Ẹ lè bèèrè pé báwo ni ọmọ Ọ̀yọ́ ṣe ń jẹ́ Johnson. Ogun àti òwò ẹrú ló fà á. Ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n ń tà wọ́n sínú ọkọ̀ ojú omi. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò náà ní ọdún 1807, ọkọ̀ ogun wọn sì ń mú àwọn ọkọ̀ ẹrú lójú òkun. Àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ṣe ìrìbọmi, tí wọ́n sì gba orúkọ òyìnbó.

Bẹ́ẹ̀ ni Àjàyí ọmọ Òṣogùn ṣe di Samuel Crowther ní ọdún 1825. Orúkọ àlùfáà kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fún un. Orúkọ ń ti ilẹ̀ kan bọ́ sí ilẹ̀ kejì báyìí.

Bàbá Samuel Johnson wà lára àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ìdílé Aláàfin Abíọ́dún ti Ọ̀yọ́ ló ti wá. Ní Sàró, wọ́n ń pè é ní Henry Johnson. Sàró náà ni wọ́n ti bí Samuel, ní ọdún 1846. Nígbà tó tó ọmọ ọdún 11, ìdílé wọn padà sí ilẹ̀ baba wọn, wọ́n sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1858. Samuel di olùkọ́ ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́.

Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà. Samuel Johnson wà lára àwọn tó ń rìn láti ibùdó ogun kan sí èkejì, tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ogun parí. Ní ọdún 1886, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ mọ ọdún yìí dáadáa. Ọdún tí ogun Dàhòmì kó Kétu náà ni.

Johnson rí i pé àwọn àgbà ń kú, ìtàn sì ń bá wọn lọ sínú ilẹ̀. Ó lọ bá àwọn arọ́kin ní ààfin Ọ̀yọ́. Ó bi Lágúnjú tó jẹ́ Tìmì Ẹdẹ. Ó bi àwọn tó fojú ara wọn rí ogun. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló ń kọ sílẹ̀. Ní ọdún 1897, ó parí ìwé ńlá kan lórí ìtàn Yorùbá. Alákétu àti Oníṣábẹ̀ẹ́ wà nínú ìwé náà. Ó kà wọ́n mọ́ àwọn ọmọ ọmọ Odùduwà tó di ọba.

Ìwé tó sọnù

Ní ọdún 1899, wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Samuel ní àbúrò kan tó jẹ́ dókítà, Obadiah Johnson. Obadiah lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1900, ó bèèrè ìwé náà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí. Wọ́n ní àwọn kò mọ ibi tí àwọn gbé e sí. Ní ọdún 1901, Samuel kú. Kò rí ìwé rẹ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ẹnì kan fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe! Àwọn àgbà tó bi léèrè ti ń kú tán. Bó bá jẹ́ pé ẹyọ kan yẹn nìkan ló wà, ó ti parí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Samuel kò sọ àwọn bébà tó kọ́kọ́ fi kọ ọ́ nù. Wọ́n wà nílé. Obadiah kó wọn jọ, ó sì tún gbogbo ìwé náà kọ. Iṣẹ́ ìṣègùn kò jẹ́ kó ráyè, nítorí náà ó pẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1916, wọ́n tún fi ìwé náà ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Appam. Ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́. Àwọn Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tún pẹ́ kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ọdún 1921 ló jáde. Samuel ti kú láti 20 ọdún. Obadiah náà ti kú ní ọdún tó ṣáájú.

Títí di òní, ìwé yẹn ni ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn Yorùbá kọ́kọ́ ń ṣí. Orúkọ Obadiah sì wà lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tún un ṣe, kí a má ba à gbàgbé pé àbúrò ló gba iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n là. Bí kò bá ṣe tirẹ̀ ni, bí a bá pe Samuel Johnson lónìí, òyìnbó nìkan ni ayé ì bá máa rántí.

Èyí tó kàn wá

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sí abúlé wa. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ń wọn òwú. Táíwò méjì wà nínú ẹgbẹ́. Ọ̀kan mú kílò 600 wá, èkejì mú 250. Bí akọ̀wé bá kọ "Táíwò" sí iwájú méjèèjì, ta ni yóò gba owó kílò 600? Ìjà lè ti ibẹ̀ wá láàárín ọ̀rẹ́ méjì, kó má sì sí olè nínú wọn. Ìkọ̀wé tí kò pé ló fà á.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìbí ọmọ. Bí wọn kò bá kọ orúkọ bàbá àti ti ìyá síbẹ̀ dáadáa, ọjọ́ ìdánwò lè dé kí wọ́n sọ fún ọmọ pé òun kọ́ ló ni ìwé tó mú lọ́wọ́.

Ọdún ìbí, orúkọ òbí, ìlú àti iṣẹ́: àwọn wọ̀nyí ni oríkì inú ìwé. Àwọn náà la fi mọ Samuel Johnson mẹ́ta yìí yàtọ̀ síra. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń kọ orúkọ yín síbì kan, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ ní pípé. Ẹ kà á fúnra yín kí ẹ tó tẹ̀ka tàbí fọwọ́ sí i. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kà báyìí, ẹnikẹ́ni kò tún lè sọ pé kò kàn yín. Bí ìwé kan bá sì ṣe pàtàkì, ẹ da á kọ sí méjì. Ẹ fi ọ̀kan pa mọ́ sílé kí ẹ tó fi èkejì ránṣẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí rèé. Ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ lọ jókòó ti àgbà kan nínú agbo ilé yín. Ẹ bi í ní orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, ìlú tí wọ́n ti wá, àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́, kí ẹ kọ tiyín náà, kí ẹ sì kọ ọdún sí i. Lọ́la, ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ yín lè ka ìwé náà. Kò ní ṣì yín mú.