Àwòrán Ilẹ̀ àti Ìtàn Abà Ìbàdàn

Kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ wọn ilẹ̀, odò, òkè, igi ńlá àti pèrègún ni àwọn baba ńlá fi ń pààlà oko. Ẹnu àgbà ni ẹ̀rí wà. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé ni àwọn awọnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilẹ̀ sórí ìwé. Ní 1908 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1935 ni ó fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́, níbi tí ó wà títí di òní.

Inú àwòrán ilẹ̀ Ìbàdàn, nọ́ńbà 261, ni Ṣáṣá wà. Lórí èyí tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:50,000, sẹ̀ǹtímítà 2 lórí ìwé dúró fún kìlómítà 1 lórí ilẹ̀. Ìlà tí ń lọ́ kiri ń fi òkè àti àfonífojì hàn. Ìlà aláwọ̀ aró ń fi odò hàn. Orúkọ abà ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ orúkọ ẹni tí ó tẹ abà dó. Èyí bá ìtàn mu, nítorí àwọn ìdílé jagunjagun Ìbàdàn náà ni wọ́n ní oko tí ń bọ́ ìlú. Nígbà tí rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì dé Òṣogbo ní 1907, ẹ̀kùrọ́, epo pupa àti kòkó rí ọ̀nà dé Èkó.

Àwòrán àtijọ́ tún ń pa ohun tí ó ti yí padà mọ́. Ní 1967 ni a dá IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, sílẹ̀ ní itòsí Mọ́níyà, lórí ilẹ̀ tí ó tó 1,000 hẹ́kítà. Igbó ti padà hù ní apá kan ibẹ̀. Ṣáṣá, tí ó jẹ́ abà oko rí, ti di ara ìgboro.

Síbẹ̀, ohun tí àwòrán kò lè sọ pọ̀. Àmì kékeré lásán ni Akànràn lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ wà lára orísun ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ti 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tí Táfá Adéoyè ṣíwájú kọ̀ láti san owó orí tí ó wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ìwé kò fi owó orí hàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Abà lè jẹ́ orúkọ àjèjì tí a fún ní ilẹ̀ dáko, tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ ka àwòrán ilẹ̀ pọ̀ mọ́ oríkì àti ìtàn ìdílé. Ìwé ń sọ ibi tí abà wà. Àgbà ni yóò sọ bí ó ṣe dé ibẹ̀.