Báwo la ṣe ń wọn ìfọkàntán? Ẹ bi Kano

1/ Táwọn èèyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá aráàlú fọkàn tán àwọn olùwádìí ìṣègùn, ìwé ìbéèrè ni wọ́n máa ń pín. Ó dáa o. Àmọ́ ilẹ̀kùn náà máa ń dáhùn.

2/ 1996. Àrùn yírùnyírùn ń pa ọmọdé ní Kano. Pfizer dán oògùn Trovan wò: ọmọ 200, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn. Ọmọ 11 kú. Pfizer ní àrùn ló pa wọ́n. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò sọ fáwọn pé ìdánwò ni.

3/ 2003. Kano dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró. Àhesọ ni pé ó ń sọni di àgàn, irọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

4/ Ó di 2004 kí wọ́n tó padà bẹ̀rẹ̀. Àrùn náà ti ràn dé orílẹ̀-èdè míì. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí ní 1996 ló san gbèsè yẹn.

5/ Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè pé "ṣé wọ́n gbà wá gbọ́?", ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: kí la ṣe fún wọn nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn?