Iṣẹ́ ọwọ́ inú ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní àyíká Ìbàdàn

Iṣẹ́ ọwọ́ inú ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àkójọpọ̀ àwọn iṣẹ́ tí àwọn obìnrin ìletò àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Nàìjíríà, máa ń ṣe láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ sì ń fẹ́. Lára wọn ni òwú rírán, kíjìpá híhun, àdìrẹ kíkọ àti aṣọ rírẹ, pẹ̀lú láfún, èlùbọ́, àdín àti ọṣẹ ṣíṣe. Àwọn ìwé sábà máa ń ka àdìrẹ mọ́ iṣẹ́ ọnà, wọn a sì fi láfún sí abẹ́ oúnjẹ. Nínú agbolé, kò sí irú ìpín bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kan náà ni ó ń di òkèlè tí ó sì ń di àwòrán ara aṣọ, oòrùn kan náà ni ó ń gbẹ àwọn méjèèjì, ọwọ́ kan náà ni ó sì sábà ń wà nídìí wọn.

Àyíká àti ìgbà

Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni ó pín ilẹ̀ Ìbàdàn láàárín ara wọn. Márùn-ún wà nínú ìgboro. Àwọn 6 tó kù ni ó ní oko jù, Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà sì wà lára wọn. Mọ́níyà ni ibùjókòó ìjọba Akínyẹlé, Ìyànà Ọ̀fà ni ti Lágelú, Akánrán sì ni ti Ọ̀nà-Àrà. Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn ìdílé tó gbilẹ̀ níbẹ̀ sì sábà máa ń ní ilé méjì: agbolé ní ìgboro, àti abà lóko. Ènìyàn lè wà lóko fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ó wá sílé fún ìsìnkú, ìgbéyàwó tàbí ọdún. Lójú ọ̀nà oko sí ilé yìí ni òwú, ẹ̀lú àti láfún ń gbà.

Ọyẹ́ ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, tó sì ń gbé eruku dání. Oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní ni ó máa ń mú jù ní àyíká Ìbàdàn. Òwúrọ̀ a tutù, ètè a là, eruku a bo òkè bí ìkùukùu. Nígbà tí ó bá di ọ̀sán, oòrùn a mú gan-an. Òtútù òwúrọ̀ ni ó ń kó ènìyàn jọ sídìí ààrò, ọ̀sán gbígbẹ ni kì í jẹ́ kí ohun tí a sá síta bàjẹ́. Iṣẹ́ oko kò parí pátápátá, nítorí pé kòkó ṣì wà ní kíká, iṣu sì wà láti wà, ṣùgbọ́n ebè kíkọ àti oko ríro ti dúró, a sì máa ń sọ pé ọwọ́ obìnrin dilẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà má ṣe tan òǹkàwé jẹ: iṣẹ́ tó kúrò lóko ni ó wọlé.

Ẹ̀gẹ́: láfún àti ẹ̀kọ àdìrẹ

Láti ṣe láfún, wọn a wa ẹ̀gẹ́, wọn a bó èèpo rẹ̀, wọn a sì rẹ ẹ́ sínú omi fún nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 4, títí yóò fi kan tí yóò sì rọ̀. Kì í ṣe nítorí adùn nìkan ni wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́. Ẹ̀gẹ́ tútù ní èròjà kan nínú tó lè di májèlé sáyánáìdì. Kíkan àti gbígbẹ ni ó ń dín agbára rẹ̀ kù. Lẹ́yìn èyí wọn a fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọn a yọ okùn àárín rẹ̀, wọn a fún omi ara rẹ̀ dànù, wọn a sì sá a sórí àpáta, sórí ẹní tàbí sórí ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ọjọ́ 2 tàbí 3 lè tó kí ó gbẹ kanrangandan. Bí òjò bá ń rọ̀, ó lè bu kí ó tó gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ a sì yí padà. Ìdí nìyí tí èyí tí ìdílé fẹ́ tọ́jú pẹ́ fi jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tó bá gbẹ tán ni wọ́n ń gún nínú odó tàbí tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé ọlọ, kí wọ́n tó fi asẹ́ kù ú. Ìyẹ̀fun funfun yìí ni a ń rò sínú omi híhó tó ń di àmàlà láfún.

Òun kan náà ni aládìrẹ ń sè tó fi ń di ẹ̀kọ, ẹ̀kọ yìí ni ó sì sọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ lórúkọ. Wọn a po láfún mọ́ omi, wọn a gbé e kaná, wọn a sì fi álọ́ọ̀mù àti copper sulphate díẹ̀ sí i kí ó má baà tètè bàjẹ́. Àwọn àgbẹ̀ kòkó mọ copper sulphate dáadáa, nítorí pé ó wà lára ohun tí wọ́n ń pò láti fọ́n sára èso kòkó nígbà tí àrùn tó ń sọ ọ́ di dúdú bá dé. Májèlé ni fún ènìyàn. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti fi í sínú ìkòkò ni láfún náà ti kúrò ní oúnjẹ, ìkòkò ọ̀hún kò sì gbọdọ̀ padà sí ààrò ọbẹ̀ mọ́.

Ìyẹ́ adìyẹ tàbí ọwọ̀ ìgbálẹ̀ ni aládìrẹ ń tì bọ ẹ̀kọ, tí ó sì fi ń kọ àwòrán sí ojú kan aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò kò ní gba aró dáadáa. Ibi tí ó ṣófo ni yóò di dúdú. Nítorí náà ohun tí obìnrin náà ń kọ ni ibi tí yóò mọ́lẹ̀ lára aṣọ, kì í ṣe ibi tí yóò dúdú, ó sì gbọ́dọ̀ ti rí i lọ́kàn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Odindi ìró kan sábà máa ń jẹ́ aṣọ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó yáàdì 2½, tí a rán pọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ń pín ojú aṣọ sí ilé-ilé, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní àwòrán tirẹ̀: ẹyẹ, ewé, àkekèé, àlàáńgbá, àwọn ohun èlò ilé. Àwọn àwòrán wọ̀nyí ní orúkọ, ọwọ́ ìyá ni ọmọ sì ti ń kọ́ wọn.

Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn tó jẹ́ ti ìlú yìí ni Ìbàdàndùn. Ohun tí ojú fi ń dá a mọ̀ ni àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó, ilé ìjọba tí wọ́n ṣí ní orí òkè ní ọdún 1929, tó tò lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ àlàyé ni a ti kọ nípa àwọn òpó náà, nítorí pé ilé ńlá ni wọ́n ti wá. Ṣíbí kì í sábà rí àlàyé gbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó kọ́kọ́ tò ó sáàárín òpó ń fi ẹ̀kọ láfún kọ ọ́, ó sì ṣeé ṣe kí ṣíbí tirẹ̀ wà nínú ìkòkò nítòsí.

Ìgboro ni ilé àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní tòótọ́. Ìbàdàn àti Òṣogbo ni a mọ̀ jù fún èyí tí obìnrin ń fi ọwọ́ kọ, nígbà tí ní Abẹ́òkúta àwọn ọkùnrin pẹ̀lú ń fi páànù tí a gé ní àwòrán tẹ ẹ̀kọ sí aṣọ. Ohun tí a fi ń ṣe é, láti oko ni ó ti ń wá.

Ìkòkò aró

Aláró àti aládìrẹ lè jẹ́ ẹnìkan náà, wọ́n sì lè jẹ́ ẹni méjì tó ń gba owó lọ́wọ́ ara wọn. Ewé ẹ̀lú ni aláró ń lò, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Lonchocarpus cyanescens. Ewé tútù ni wọ́n ń já, tí wọ́n ń gún, tí wọ́n ń ṣù ní róbótó, tí wọ́n sì ń sá títí yóò fi gbẹ. Ẹ̀lú tó gbẹ ṣeé tọ́jú, ó sì ṣeé gbé lọ sọ́jà.

Ẹ̀lú nìkan kò lè pa aṣọ láró. Ó nílò omi eérú. Ìkòkò méjì ni wọ́n ń gbé léra: ti òkè ní ihò nídìí, wọn a sì kó eérú igi sínú rẹ̀, omi tí wọ́n bá dà sórí eérú náà a máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ti ìsàlẹ̀. Omi yìí ni wọ́n ń da sórí ẹ̀lú, tí wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan. Òórùn rẹ̀ kì í fara sin. Aláró a máa tọ́ ọ wò, a máa gbóòórùn rẹ̀, a máa wo ìfófòó ojú rẹ̀, láti mọ̀ bóyá ó ti ṣe tán. Níhìn-ín ni ọyẹ́ ti ń di ìdíwọ́ dípò ìrànlọ́wọ́: òtútù òru ń dẹ́kun kíkan aró, ó sì lè mú kí ó pẹ́ ju bí ó ṣe yẹ lọ.

Bí wọ́n bá ti aṣọ bọ inú aró tí wọ́n sì fà á jáde, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní. Afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ sí i ni ó ń sọ ọ́ di búlúù. Wọn a tún tì í bọ̀ ọ́, wọn a tún fà á jáde, léraléra, títí yóò fi sún mọ́ dúdú. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, wọn a họ ẹ̀kọ ara rẹ̀ kúrò, wọn a ṣan án, wọn a sì fi igi lù ú kí ó lè máa dán. Òjò kékeré kan ní àárín iṣẹ́ yìí lè fọ ẹ̀kọ tí obìnrin fi ọjọ́ púpọ̀ kọ.

Òwú, kíjìpá àti abẹ́rẹ́

Ẹ̀ẹ̀rùn ni òwú ń là lóko. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ èso inú rẹ̀ tí wọ́n sì gbọ̀n ọ́n, àwọn ìyá àgbà ni rírán rẹ̀ sábà máa ń já lé lọ́wọ́, nítorí pé iṣẹ́ ìjókòó ni. Lórí òfì obìnrin, tó ń dúró ṣánṣán lára ògiri, ni wọ́n ti ń hun kíjìpá, aṣọ fífẹ̀ tó nípọn. Òfì ọkùnrin yàtọ̀: aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń hun, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a ó sì rán pọ̀. Kíjìpá ni aṣọ iṣẹ́ àti aṣọ ìbora, òun sì ni ó sún mọ́ ohun tí àwọn ará ilẹ̀ olótùútù ń fi kúìlì ṣe. Ọjà aṣọ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní ìgboro ni Ọ̀jẹ́.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ ilé-ìwé wọ Ìbàdàn pẹ̀lú Anna Hinderer, tó dé ní ọdún 1853 pẹ̀lú David ọkọ rẹ̀, tí wọ́n sì fi Kúdẹtì ṣe ibùgbé; ìránṣọ wà lára ohun tí ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Lẹ́yìn ìgbà náà ni òwú wúlù di ohun tí a ń tà lọ́jà, tí àwọn ìyá sì ń fi í hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ ọwọ́ nítorí òtútù òwúrọ̀.

Ààrò

Iṣu ẹ̀ẹ̀rùn ni a fi ń ṣe gbódó. Wọn a bẹ ẹ́, wọn a bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná tí kò tíì hó, wọn a jẹ́ kí ó sùn nínú omi náà, kí wọ́n tó sá a. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́, ó di èlùbọ́, èyí tí àmàlà dúdú ti ń wá. Gbẹ̀gìrì àti ewédú ni Ìbàdàn mọ̀ mọ́ ọn. Ewédú tútù ṣọ̀wọ́n lásìkò yìí àfi ní àkùrọ̀, nítorí náà òrúnlá, ilá tí wọ́n ti rẹ́ tí wọ́n sì ti sá, ni ó ń gba ipò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé.

Èèpo kòkó tí ó ṣẹ́ kù lóko ni wọ́n ń sá, tí wọ́n ń sun di eérú, tí wọ́n sì ń sẹ́ omi rẹ̀ bí aláró ṣe ń sẹ́ tirẹ̀. Omi náà àti àdín, òróró tí wọ́n yọ láti inú èkùrọ́, ni wọ́n ń sè pọ̀ di ọṣẹ dúdú. Àdín àti òrí ni wọ́n sì fi ń pa ara ọmọ kí ọyẹ́ má baà là á.

Àyípadà

Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Ìbàdàn ní ọdún 1901, aṣọ funfun òyìnbó sì dé pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú. Èyí pa kíjìpá lára, ṣùgbọ́n ó mú àdìrẹ gbilẹ̀, nítorí pé aṣọ náà fẹ́lẹ́ tó láti gba àwòrán wẹ́wẹ́. Aró ẹ̀rọ àti sódà tẹ̀ lé e. Ní àwọn ọdún 1930, ọ̀rọ̀ wọn dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn aláró Abẹ́òkúta àti ààfin, nítorí pé àwọn kan gbà pé wọ́n ń ba aṣọ jẹ́. Sódà rọrùn ju eérú lọ, ó sì ń jẹ́ kí aró tètè ṣe tán, ṣùgbọ́n ó ń jó ọwọ́.

Susanne Wenger àti Ulli Beier kọ nípa àdìrẹ ní ọdún 1957. Ní ọdún 1971 ni Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe olóòtú ìwé kan lórí rẹ̀, tó jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọpẹ́lọpẹ́ irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ orúkọ púpọ̀ nínú àwọn àwòrán náà. Ník�ǹ ni a sì mọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ yìí lónìí: Nike Davies-Okundaye, tí a bí ní ọdún 1951 ní Ògìdì.

Ní oko, ìgboro ń tẹ̀ síwájú. Ní ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó, Mọ́níyà sì ni ó parí sí. Ilé ti bo ọ̀pọ̀ ibi tí ẹ̀gẹ́ wà tẹ́lẹ̀. Láfún kò tíì parun, nítorí pé ènìyàn kò yéé jẹun. A ń sá púpọ̀ nínú rẹ̀ sí etí títì, níbi tí eruku àti èéfín ọkọ̀ ti ń bà lé e. Lára aṣọ ni ó ti dín kù jù: ọ̀pọ̀ àdìrẹ òde òní ni wọ́n ń fi abẹ́là yíyọ́ ṣe, àwọn mìíràn sì jẹ́ àwòrán àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà.