Àwọn irinṣẹ́ àyẹ̀wò ààbò kọ̀ǹpútà

Irinṣẹ́ àyẹ̀wò ààbò ni ètò tàbí fáìlì kékeré tí a fi ń mọ̀ bóyá antivirus àti firewall inú kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Ẹ̀ṣọ́ gan-an ló ń dán wò, bóyá ó ti sùn lọ tàbí ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Ó wúlò púpọ̀ ní Alímọ̀ṣọ́, ní Èkó. Ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ń gba fláàṣì oníbàárà. Fáírọ́ọ̀sì orí fláàṣì kan lè kó wọ ẹ̀rọ, kí ó sì bá oníbàárà mìíràn délé: fódà á pòórá, shortcut á rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni antivirus inú laptop tòkunbọ̀ lè ti kásẹ̀ nílẹ̀ kí ẹni tó rà á tó mọ̀.

Èyí tó lókìkí jù lọ ni fáìlì EICAR. Lẹ́tà àti àmì 68 péré ni, kò sì lè ba nǹkankan jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe antivirus ti fohùn ṣọ̀kan láti máa mú un bí ẹni mú fáírọ́ọ̀sì. Bí a bá kọ ọ́ sínú Notepad tí a fi pamọ́, ó yẹ kí antivirus pariwo lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa ààbò rẹ̀. Àmọ́ ìpariwo yẹn kò fi hàn pé ó mọ fáírọ́ọ̀sì tuntun. Ìmúdójú-ìwọ̀n (update) antivirus náà ló ń sọ ìyẹn, ibẹ̀ sì ni dátà tó wọ́n ti máa ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Àjọ AMTSO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008, ní àyẹ̀wò tó gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń wò bóyá antivirus á dá ojú ewé ayédèrú àti fáìrọ́ọ̀sì inú fáìlì tí wọ́n fún pọ̀ mọ̀.

Ti firewall ni ShieldsUP, iṣẹ́ Steve Gibson ará Amẹ́ríkà, tó ń kan ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà láti ìta. Ẹni tó ń lo dátà fóònù tàbí MiFi ní láti ṣọ́ra pẹ̀lú èsì rẹ̀, torí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sábà máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan: ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ náà ni ShieldsUP ń kàn, kì í ṣe ti laptop.

Ẹ̀rọ ara ẹni, tàbí èyí tí ẹni tó ni ín yọ̀ǹda, nìkan ni a ń dán wò. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Nàìjíríà, ti 2015, ka wíwọ ẹ̀rọ oníẹ̀rọ láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀.