Atẹ́gùn Kan, Ìròyìn Méjì: Ojú Ọjọ́ àti Olùdarí Nínú Eré Bàálù Orí Kọ̀ǹpútà

Bàálù kì í fẹ́ kí atẹ́gùn máa ti òun lẹ́yìn nígbà tó bá ń gbéra tàbí tó bá ń balẹ̀. Iwájú ló fẹ́ kí ó ti máa fẹ́ bọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ àti orí apá rẹ̀ kọjá ló ń gbé e ró. Ìdí nìyí tí olùdarí tó jókòó sí ilé gogoro pápákọ̀ òfurufú fi gbọ́dọ̀ mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ kí ó tó sọ ojú ọ̀nà tí awakọ̀ máa gbà. Ní pápákọ̀ gidi, atẹ́gùn kan náà ni àwọn méjèèjì ń bá lò. Nínú eré bàálù orí kọ̀ǹpútà, ètò kan lè máa ṣe atẹ́gùn, kí òmíràn máa ṣe olùdarí, kí kálukú wọn sì ní ìròyìn tirẹ̀.

Kò sí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ní 1982, nígbà tí Microsoft gbé Flight Simulator tí Bruce Artwick ṣe jáde fún kọ̀ǹpútà IBM. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń yan ojú ọjọ́ tó wù ú, kò sì sí olùdarí tó máa bá a fọ̀rọ̀ wérọ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ló yí nǹkan padà. Flight Simulator 2000 ti lè fa ojú ọjọ́ gidi wá. Ti 2002 gbé olùdarí tó ń fèsì dé. Ti 2004, tó jáde ní 2003 láti fi ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright kọ́kọ́ fi bàálù fò, lè tún ojú ọjọ́ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n olùdarí Microsoft kò tẹ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ lọ́rùn. Bí wọ́n ṣe ra Radar Contact nìyẹn, torí olùdarí tirẹ̀ sún mọ́ ti gidi, tí wọ́n sì ra ActiveSky ti ilé-iṣẹ́ HiFi torí àwọsánmọ̀ àti atẹ́gùn. FSUIPC, iṣẹ́ ọwọ́ Peter Dowson, ló ṣílẹ̀kùn fún irú àwọn àfikún wọ̀nyí: òun ló ń jẹ́ kí ètò tó wà níta ka ohun tó ń lọ nínú eré náà, kí ó sì kọ tirẹ̀ sí i. Nígbà tí Flight Simulator X (FSX) jáde ní 2006, Microsoft fi SimConnect ṣe ilẹ̀kùn tiwọn.

Níbo ni aáwọ̀ wá ti wọlé? Láti inú METAR, ìlà ìròyìn kúkúrú tí pápákọ̀ máa ń gbé jáde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tàbí ní ìlàjì wákàtí. DNMM ni àmì pápákọ̀ Ìkẹjà. Bí 22008KT bá wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n 220 ni atẹ́gùn ti ń bọ̀, gúúsù ìwọ̀-oòrùn nìyẹn, eré rẹ̀ sì jẹ́ nọ́ọ̀tì 8. Bí ètò ojú ọjọ́ bá ń lo ìlà aago méjì, tí ètò olùdarí ṣì di ti aago kan mú, ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lè dárúkọ. Yàtọ̀ sí èyí, ètò ojú ọjọ́ kì í kàn da METAR sínú eré bó ṣe wà. Ní ayé FS2004 àti FSX, atẹ́gùn a máa yí padà lójijì lókè réré, ìyára bàálù ńlá a sì kọjá ààlà. Àwọn àfikún ní láti máa mú ìyípadà náà rọ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà atẹ́gùn tí bàálù ń gbà lè má bá METAR mu.

Ojútùú tó dára jù lọ kò ní ẹwà kankan. ActiveSky ń kọ ojú ọjọ́ tó ń lò sínú fáìlì lẹ́tà lásán tó ń jẹ́ current_wx_snapshot.txt, àwọn ètò olùdarí bíi PF3 àti Pilot2ATC sì ń lọ kà á níbẹ̀. Fáìlì kékeré yìí wúlò fún ìrẹ́pọ̀ ju gbogbo àwọsánmọ̀ mèremère tí wọ́n ń polówó lọ.

Ọ̀rọ̀ IVAO, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, àti VATSIM, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, àwọn ìkànnì tí àwọn awakọ̀ orí kọ̀ǹpútà ti ń jọ fò, tún le ju èyí lọ, nítorí ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni olùdarí níbẹ̀. METAR ni òun ń kà. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà awakọ̀ kọ̀ọ̀kan kò hàn sí i. SquawkBox, ètò tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi ń wọ VATSIM láyé FS2004 àti FSX, lè gbé ojú ọjọ́ wá fúnra rẹ̀. Bí ActiveSky bá tún ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kan náà, ó di aṣọ tí télọ̀ méjì ń gé pọ̀. Àfi kí èèyàn pa ọ̀kan. Ti agbára afẹ́fẹ́, tí aago gíga ń lò, ló léwu jù. Hẹkitopásíkà 1, òṣùwọ̀n agbára yìí, tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 27 nítòsí ilẹ̀. Bí olùdarí bá ní 1009, tí kọ̀ǹpútà awakọ̀ sì ń lo 1013, ìyàtọ̀ gíga náà ti ju ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà lọ.

Ní oṣù Ògún 2020, Microsoft àti Asobo ti ilẹ̀ Faransé gbé Flight Simulator tuntun dé, wọ́n sì gba ojú ọjọ́ lọ́wọ́ Meteoblue ti Switzerland. Àwọsánmọ̀ rẹ̀ ya gbogbo ayé lẹ́nu. Àmọ́ àsọtẹ́lẹ̀ ni Meteoblue ń ṣe, ohun tí ojú rí ni METAR ń sọ, àwọn méjèèjì kì í sì í fìgbà gbogbo bára mu. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn tí SimConnect fi ń gba ojú ọjọ́ wọlé láti ìta. Ní 2021 wọ́n da METAR pọ̀ mọ́ àsọtẹ́lẹ̀ náà. Àwọn kan yọ̀, àwọn mìíràn ní àwọsánmọ̀ wá ń ṣù jọ sórí pápákọ̀ nìkan. Ó di 2024 kí ActiveSky tó rọ́nà wọ inú rẹ̀.

Ní báyìí, àwọn ètò olùdarí BeyondATC àti SayIntentions ń fi ọpọlọ àtọwọ́dá gbọ́ ohùn awakọ̀, wọ́n sì ń fèsì bí ẹni gidi. Ohùn dídùn kò sọ pé ìròyìn péye. Ẹni tó bá fẹ́ ra ètò olùdarí, kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti ń ka atẹ́gùn. Kí ó jẹ́ kí ètò kan ṣoṣo máa ṣe ojú ọjọ́, kí àwọn yòókù máa ka tirẹ̀. Bó bá sì wà lórí VATSIM, kí ó má kàn tẹ lẹ́tà B nìkan: iye agbára afẹ́fẹ́ tí eré náà ní ló máa gbé sórí aago gíga, kì í ṣe èyí tí olùdarí sọ.